Bàtà Méjì Lẹ́nu Géètì

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Piroska kọ́kọ́ sín.
Mo rò pé eruku àgbàdo ni.
Nígbà tó di Ọjọ́rú, ojú rẹ̀ kan ti wú bí èso àjàrà,
imú rẹ̀ ń dà, òórùn rẹ̀ sì kan bí ọbẹ̀ àná.
Ohun tó bá ojú ló bá imú, wọ́n wí bẹ́ẹ̀,
wọn ò sọ fún mi pé yóò bá àgò,
yóò bá abọ́ omi,
yóò bá ìsàlẹ̀ bàtà mi.

Mọ́kànlá ni wọ́n lẹ́yìn ilé mi,
ní abúlé wa létí odò Tisza.
Mo mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí ń kùn bí ìyá ọkọ mi,
èyí kì í yé ẹyin àfi lórí kóòtù Béla,
kóòtù tí òkú ò lè wọ̀ mọ́.

Dókítà ẹran dé, kò wọlé.
Ó dúró lẹ́nu géètì nínú yìnyín, ó na oògùn sí mi:
"Ya àwọn tó ń sín sọ́tọ̀.
Bàtà kan fún ẹ̀yìn ilé, òmíràn fún òde."
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè:
"Màmá Etelka, èyí tó bá yè,
pẹ̀lú àrùn náà lára ni yóò fi yè.
Ara rẹ̀ á dá, á sì máa ràn.
Títí ayé rẹ̀ ni."

Márùn-ún kú.
Ilẹ̀ ti le bí irin; àáké ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀.
Mo da eérú lé wọn lórí.
Piroska ló kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi òwú àti omi iyọ̀
nu ojú rẹ̀, ó sì ń fi èyí tó ṣì là wò mí
bí ẹni pé èmi ni ara ò yá.

Mẹ́fà kù. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀.
Ẹni bá rí wọn á ní, ọpẹ́ ni.

Yìnyín yọ́. Zsófi gbé páálí dé bó ti ń ṣe lọ́dọọdún,
òròmọdìyẹ mẹ́rin ń ké nínú rẹ̀.
Ọwọ́ mi ti nà kí n tó rántí.
"Má gbé wọn wọlé."
Ojú rẹ̀ fà ro. Ó rò pé ìgbéraga ni.
Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun: ìtìjú wà nínú imú tó ń dà,
àní kó jẹ́ imú adìyẹ.
Mo sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀,
dórí ẹyin tí mo gbé lọ fún un
lọ́jọ́ tí Piroska sín,
tí n kò wẹ bàtà kí n tó tẹ ilẹ̀ rẹ̀.
Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Ó gbé páálí rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ, a ò kí ara wa.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo bá bàtà rọ́bà lẹ́nu géètì,
tuntun, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi gan-an,
ìgò jáàmù kan nínú ti ọ̀tún.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.
Ta ni okùn níbí, èmi àbí àwọn?
Ọ̀kankan ò ní wọlé, ọ̀kankan ò ní jáde,
a ó jọ darúgbó ni, títí yóò fi ku ẹyọ kan,
títí yóò fi ku àgò.
Àkùkọ mi ń kọ láàárọ̀,
ti Zsófi ń dá a lóhùn lódìkejì ọ̀nà.
Ìyẹn ò ràn.

Mo bọ́ bàtà ti inú, mo wọ ti òde,
mo lọ ra búrẹ́dì.